Kí Màmá Lè Sùn

Ní Àgbárá, oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń wá ra fún àgbàlagbà tó ti ń ṣarán kì í ṣe oògùn ìgbàgbé. Oògùn oorun ni. Obìnrin kan á dúró síwájú káńtà láàárọ̀ kùtù, aṣọ ilé iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n fún àìsùn. Á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wá nǹkan tí Màmá máa lò, kí wọ́n lè sùn." Tí wọn ò bá bi í, kò ní sọ ìyókù: pé Màmá ṣílẹ̀kùn jáde ní aago méjì òru, wọ́n ní àwọn ń lọ ná ọjà Lúsadà, pé orúkọ àbúrò wọn tó ti kú ni wọ́n fi ń pe ọmọ ọmọ wọn, pé wọ́n ní ẹnì kan ń jí owó àwọn kó lábẹ́ ìrọ̀rí.

Apoògùn tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ìkà kọ́ ló ń mú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Àgbárá kì í ṣe ìlú tó ń sùn. Láti ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti tẹ̀dó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, Nestlé, Unilever, Beecham tó padà di GlaxoSmithKline, àti àìmọye mìíràn, iṣẹ́ òru ti di oúnjẹ ọ̀pọ̀ ìdílé. Bí ọkọ bá wà ní ṣíìfùtù ọ̀sán, ìyàwó lè wà ní ti alẹ́, ẹni tó sì ń ṣọ́ ìyá lóru ni ẹni tí kò fojú kan oorun lánàá. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń béèrè oògùn oorun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí. Ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni pé ta ni oògùn náà fẹ́ tọ́jú, Màmá ni àbí àwọn ará ilé?

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì, kò sẹ́ni tó ń béèrè. Wọ́n á gé Valium mélòó kan sínú ọ̀rá kékeré, tàbí Lexotan, tàbí kí wọ́n ní kí Màmá máa lo Piriton méjì lálaalẹ́, ṣebí gbogbo ayé ló mọ̀ pé Piriton ń múni sùn. Òfin kò gba ẹni tó ní ìwé àṣẹ oògùn orí káńtà nìkan láyè láti ta Valium. Ìwé dókítà ni wọ́n fi ń rà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ti òfin sílẹ̀ ná, ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára. Valium máa ń pẹ́ lára arúgbó ju bó ṣe ń pẹ́ lára ọ̀dọ́ lọ. Èyí tí wọ́n lò lálẹ́ àná ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún lo ti alẹ́ òní. Màmá á dìde lọ tọ̀, ẹsẹ̀ ò ní gbé wọn dáadáa, wọ́n á ṣubú, eegun ìbàdí á ṣẹ́. Ìdílé tó ń sá fún àìsùn á wá bá ara rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí eegun wọn ṣẹ́, níbi tí kò ti sí oorun fún ẹnikẹ́ni.

Ti Piriton tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́míkà kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní acetylcholine, òun ló ń ran ọpọlọ lọ́wọ́ láti kọ́ nǹkan tuntun kó sì rántí rẹ̀. Nínú àìsàn Alzheimer, oríṣi ìṣarán tó wọ́pọ̀ jù lọ, kẹ́míkà yìí máa ń dín kù. Piriton, Phenergan, amitriptyline, àti Artane tí wọ́n sábà máa ń kọ mọ́ oògùn àrùn ọpọlọ, gbogbo wọn ló ń dènà iṣẹ́ rẹ̀. Díẹ̀ tó ṣẹ́ kù fún Màmá ni oògùn òtútù tún wá gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì wọ́n á túbọ̀ dàrú, ẹnu wọn á gbẹ, ìgbẹ́ á le, ìtọ̀ ò ní já geere. Àwọn ará ilé á ní àìsàn náà ti le sí i. Wọ́n á sì padà wá ra kún un.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ tó dára jù tí apoògùn lè ṣe fún irú ìdílé yìí kò ní títà nínú. Kó ní kí wọ́n padà sílé lọ kó oògùn Màmá wá ni, gbogbo rẹ̀ pátá, títí kan èyí tí wọ́n rà nínú bọ́ọ̀sì. Inú ọ̀rá dúdú ni wọ́n sábà máa ń kó o sí. Tí wọ́n bá tú u sórí káńtà, ohun tó máa ń wà níbẹ̀ kì í yàtọ̀ púpọ̀ láti ilé kan sí èkejì: amlodipine àti atenolol fún ẹ̀jẹ̀ ríru, páálí wọn ti ya, Daonil fún ìtọ̀ ṣúgà, oògùn ara ríro kan tẹ́nikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́, nítorí ibi tí orúkọ wà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gé e lò, Piriton, fítámì tí ọmọ kan fi ránṣẹ́ láti London, àti Alabukun.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí Alabukun yẹn. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Jacob Odulate ló dá a sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1918, àwọn àgbàlagbà kan sì wà tó ń lò ó bí ẹni ń mu tíì. Aspirin àti caffeine ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ kedere. Caffeine yìí náà ló wà nínú kọfí. Àgbàlagbà tó bá dà á sẹ́nu ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ nítorí orúnkún tó ń ro ó, kí ni yóò ṣe tí kò fi ní lajú sílẹ̀ dòru? Ohun tí ọmọ rẹ̀ ń wá oògùn rẹ̀ kiri, inú ọ̀rá dúdú ló wà. Ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé yíyọ ìyẹn kúrò lálẹ́, fífi paracetamol rọ́pò rẹ̀, àti kí wọ́n jẹ́ kí Màmá jókòó síta gba oòrùn lọ́sàn-án dípò kí wọ́n máa tòògbé níwájú tẹlifíṣọ̀n, ló mú oorun padà. Apoògùn kì í rówó lórí irú ìmọ̀ràn báyìí, bóyá ìyẹn ló fi ṣọ̀wọ́n.

Daonil náà ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó ń gbàgbé kì í rántí pé òun ti lo oògùn. Bàbá tó ti gbé e mì ní aago méje á tún gbé òmíràn mì ní aago mẹ́sàn-án, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oúnjẹ àárọ̀ gan-an ló gbàgbé. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, Bàbá á máa làágùn, á máa sọ kántankàntan, á fẹ́ lu ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Wọ́n á ní, "Ó tún ti dé o." Ṣúgà tó já wálẹ̀ yìí lè pa á kí ilẹ̀ tó ṣú, nǹkan dídùn àti ilé ìwòsàn ló sì nílò, kì í ṣe oògùn tí yóò mú un sùn. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú arúgbó kì í fẹ́ràn Daonil fún wọn, torí pé ó máa ń pẹ́ lára. Wọ́n lè pa á dà sí òmíràn bí ìdílé bá gbé ọ̀rọ̀ náà tọ̀ wọ́n lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣarán, oògùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé máa fún un, kí wọ́n tì í mọ́ àpótí. Àwọn kan máa ń wò ó bí ẹ̀gàn sí àgbà. Bí wọ́n bá ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "Bàbá, ẹ gba omi, ẹ lo tàárọ̀ yìí," kì í di ìjà.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí gbogbo ìdílé lè mọ̀ láì lọ sí yunifásítì. Ńṣe ni ìṣarán máa ń yọ́ wọlé, oṣù lórí oṣù, ọdún lórí ọdún. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó dá ọjà ná lọ́sẹ̀ tó kọjá kò bá mọ ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ lónìí, nǹkan mìíràn ti ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ ibà, àrùn tó wọ ojú ìtọ̀, omi tí kò mu tó, ìgbẹ́ tí kò yà fún ọjọ́ mélòó kan, ìrora tí kò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́, tàbí oògùn tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ fún un. Ilé ìwòsàn ni ti irú èyí, lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn oorun tí wọ́n bá fún un nírú àkókò yìí á kàn bo àmì àìsàn mọ́lẹ̀ ni, àìsàn á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀.

Ìgbà kan wà tí àwọn onímọ̀ kan ń sọ pé bóyá ni ìṣarán wà nílẹ̀ adúláwọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn kò fi ẹnu lásán dá wọn lóhùn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Hugh Hendrie àti àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà, wọ ilé dé ilé ní àdúgbò Ìdíkàn, wọ́n yẹ àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 sókè wò, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn adúláwọ̀ Indianapolis pẹ̀lú. Èsì tó jáde ní ọdún 1995, ọdún tí Ọ̀ṣúntókun fúnra rẹ̀ kú, fi hàn pé 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìṣarán tí wọ́n ń pè ní dementia ní Ìbàdàn, 8.24 ní Indianapolis. Ní ọdún 2001, nígbà tí àwọn bí Adésọlá Ògúnníyì ti ń bá iṣẹ́ náà lọ, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ní in lọ́dọọdún jẹ́ 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Àìsàn náà wà nílé wa, kò sí àríyànjiyàn. Àmọ́ nínú gbogbo àgbàlagbà tó ń gbàgbé nǹkan lọ́dọ̀ wa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdí mìíràn ló ń mú ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ìdí kan sì ṣeé wò sàn. Dókítà tó bá kọ oògùn ìṣarán ní ìbẹ̀wò àkọ́kọ́, láì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, láì bi wọ́n léèrè oògùn tí wọ́n ń lò, ti yára jù.

Oògùn náà fúnra rẹ̀ ní ìtàn, nítòsí wa níbí ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà olóró kan wà lọ́dọ̀ àwọn Ẹ̀fíìkì ní Kàlàbá tí wọ́n ń pè ní esere. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ni wọ́n máa ń fún jẹ: bó bá bì í, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, bó bá kú, wọ́n ní ó jẹ̀bi. Àwọn míṣọ́nnárì ará Scotland ló gbé e dé Edinburgh. Ní ọdún 1855, Robert Christison, tó jẹ́ onímọ̀ nípa oró, jẹ díẹ̀ níbẹ̀ kó lè mọ ohun tó ń ṣe, ó sì rí i dáadáa, torí ara rẹ̀ ò gbà á rárá. Ní 1864, àwọn ará Jámánì méjì, Jobst àti Hesse, yọ oró inú rẹ̀ jáde, physostigmine. Ní 1935 ni Percy Julian, adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Josef Pikl, ṣe é fúnra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Oró náà kì í jẹ́ kí ara fọ́ acetylcholine túká, àwòṣe rẹ̀ ni wọ́n sì padà tẹ̀ lé láti ṣe rivastigmine, ọ̀kan nínú àwọn oògùn ìṣarán tí wọ́n ń lò káàkiri ayé lónìí. Arúgbó obìnrin tí wọ́n bá bá lójúde olójúde lóru, tí kò lè sọ ibi tó ti wá, àjẹ́ ni wọ́n ṣì ń pè é ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ẹ̀wà tí wọ́n fi ń pa irú rẹ̀ ló bí oògùn rẹ̀.

Oògùn ìṣarán mẹ́rin ló wọ́pọ̀ jù. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí donepezil ní ọdún 1996, rivastigmine ní 2000, galantamine ní 2001, memantine ní 2003. Kò sí èyí tó ń wo àìsàn náà sàn nínú wọn. Ohun tí ìdílé lè retí ni pé fún oṣù mélòó kan, bóyá ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Màmá á lè wọṣọ fúnra wọn, wọ́n á lè bá àlejò sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀. Àwọn kan kì í rí ìyàtọ̀ rárá. Ó yẹ kí wọ́n sọ èyí fún ọmọ kó tó náwó, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti náwó tán.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ wọn. Donepezil jẹ́ 5 mg lójúmọ́. Ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà gbọ́dọ̀ kọjá kí dókítà tó gbé e lọ sí 10 mg. Memantine a máa bẹ̀rẹ̀ láti 5 mg, wọ́n á fi 5 mg kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi dé 20 mg, àyàfi bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, nígbà náà yóò kéré sí iye yẹn. Ọmọ tó bá sọ ọ́ di méjì nítorí pé ọ̀kan "ò ṣiṣẹ́" lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, èébì àti inú ṣíṣí ni yóò fi rà. Donepezil a máa mú kí ọkàn lù lọ́ra, atenolol inú ọ̀rá dúdú sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Kí àwọn méjèèjì pàdé lára ìyá kan láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń dákú ní balùwẹ̀ nìyẹn. Fífi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́, kí wọ́n ka bó ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan, kò gbówó lórí. Bó bá ń dín sí 50, kí wọ́n pe dókítà. Aspirin náà tún wọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí donepezil ń mú kí omi kíkan inú pọ̀ sí i, àwọn méjèèjì pa pọ̀ sì lè mú kí inú máa ṣẹ̀jẹ̀. Ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, ilé ìwòsàn ni.

Rivastigmine ní èyí tó jẹ́ ìlẹ̀mọ́, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ó dára fún ẹni tí kì í fẹ́ gbé oògùn mì. Ewu rẹ̀ ni pé ẹni tó ń lẹ òmíràn lè gbàgbé láti ṣí ti àná kúrò. Àwọn kan ti kú lókè òkun nítorí pé méjì tàbí mẹ́ta ló wà lára wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ooru Àgbárá náà ń dá kún un: òógùn máa ń tú u, á ká mọ́ inú aṣọ, ẹni tó ń tọ́jú Màmá á rò pé ó ti já bọ́. Fífi báírò kọ ọjọ́ sára rẹ̀ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ ló ń yanjú gbogbo ìyẹn. Kí wọ́n má sì padà sójú ibì kan náà títí ọjọ́ mẹ́rìnlá yóò fi pé.

Àmọ́ oògùn ìgbàgbé kọ́ ló ń pa àwọn àgbàlagbà jù. Haloperidol, Largactil, risperidone àti olanzapine, oògùn tí wọ́n ṣe fún àwọn tí orí wọn dàrú, ni wọ́n ń fún àgbàlagbà tó ń ṣarán nígbà tó bá ń pariwo tàbí tó ń lu èèyàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2005, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà fi ìkìlọ̀ tó le jù sára àwọn tuntun inú wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2008, ó nà án dé ọ̀dọ̀ àwọn àtijọ́ bíi haloperidol. Nínú àwọn ìwádìí tó gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, nǹkan bí 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò wọ́n ló kú, nígbà tó jẹ́ 2.6 láàárín àwọn tí kò lò wọ́n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sube Banerjee gbé ìròyìn kan fún ìjọba ní ọdún 2009: nǹkan bí 180,000 àwọn tó ní dementia ló ń lo irú oògùn yìí, ó sì ṣírò rẹ̀ pé bí 1,800 ló ń kú lọ́dún kan tí kì bá má kú.

Kò túmọ̀ sí pé èèyàn ò gbọdọ̀ lò wọ́n láé. Bí Bàbá bá ń gbé ọ̀bẹ sí ìyàwó rẹ̀, tí ẹ̀rù ohun tójú rẹ̀ nìkan ń rí ò jẹ́ kó jẹun, dókítà lè kọ risperidone díẹ̀ fún un. Ohun tí ìlànà Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí fún àwọn oníwà ipá nínú àwọn tó ń ṣarán ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé ìwé tí dókítà kọ ní ọdún méjì sẹ́yìn ṣì ni wọ́n ń fi ra haloperidol lónìí. Wọ́n á tún fi Artane mọ́ ọn kí ara má baà le, Artane tó ń dènà iṣẹ́ acetylcholine tó kù. Oríṣi ìṣarán kan sì wà tí wọ́n ń pè ní Lewy body: ẹni tó ní in máa ń rí ọmọdé tàbí ẹranko tí ẹlòmíràn ò rí, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ìrìn rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Haloperidol lè gan irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, ó sì lè pa á. Nílé wa, ẹni tó bá ń rí ohun tí ojú lásán ò rí, wòlíì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé e lọ bá. Bí wòlíì bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n á lọ gba abẹ́rẹ́. Ẹ sọ fún dókítà pé Bàbá ń rí àwọn ẹni tí kò sí níbẹ̀ kó tó mú abẹ́rẹ́.

Bí wọ́n bá sì ti ń tú ọ̀rá, kí wọ́n má fi ìgò àgbo sílé. Asofẹ́yẹjẹ ni àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi mú orí tó dàrú wálẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1960. Ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe irọ́. Reserpine wà nínú rẹ̀, tí àwọn dókítà òyìnbó fi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà kan. Ìdí gan-an nìyẹn tí kò fi yẹ kó pàdé amlodipine àti donepezil lára arúgbó kan náà: ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀ jù, ọkàn á lù lọ́ra jù. Gégemu burú ju ìyẹn lọ fíìfíì, nítorí ohun tí Piriton ń ṣe díẹ̀ lòun ń ṣe ní kíkún. Màmá tó bá mu ún lè máa fi ọwọ́ já nǹkan lójú òfuurufú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Apoògùn tó bá ń bú àgbo kò ní gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé. Kó béèrè pẹ̀lẹ́, wọ́n á sọ.

Owó tún wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, GlaxoSmithKline, tó ti ń ṣe Panadol ní Àgbárá fún ọ̀pọ̀ ọdún, kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Oògùn ìṣarán kò sí lára ohun tí wọ́n ń ṣe níbí, ṣùgbọ́n ọdún yẹn náà ni náírà já wálẹ̀, gbogbo oògùn tó ń ti òkè òkun wá sì gbówó lórí. Àwọn ìdílé kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọjọ́ kan fo ọjọ́ kan kí páálí kan lè pẹ́. Ẹni tó bá fi rivastigmine sílẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ìbẹ̀rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ padà sí, láti orí èyí tó kéré jù. Bó bá bẹ́ padà sórí iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, èébì ni yóò máa bì. Bí owó kò bá ní tó fún oṣù mẹ́fà, ó sàn kí wọ́n sọ fún dókítà kó tó kọ ọ́. Àwọn mìíràn ń gba tiwọn lọ́wọ́ ọmọ tó wà ní London tàbí Houston, láìsí ìwé kankan, nínú ike tí wọ́n ti da oríṣi méjì pọ̀ sí kó má baà gba àyè nínú báàgì. Kí ọmọ náà fi í sílẹ̀ nínú páálí rẹ̀, kó sì ya àwòrán ìwé tí dókítà ibẹ̀ kọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Tí wọ́n bá ra tiwọn níbí, kí wọ́n wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́, kí wọ́n má sì tọ́jú rẹ̀ sórí fìríìjì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbóná.

Ibi tí wọ́n á gbé Màmá lọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tètè mọ̀. Láti Àgbárá, bí èèyàn bá fi ojú ọ̀nà Àtan dé Ọ̀tà, tó kọjá Sángò, Abẹ́òkúta kò jìnnà mọ́, níbi tí ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò wà, èyí tí Thomas Adéoyè Lámbò sọ di olókìkí láti ọdún 1954. Apá Èkó ni ti Yábàá. Ní Ìbàdàn, UCH ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tí wọ́n fi orúkọ Tony Anenih pè, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2012. Ẹni tó bá ń lọ síbikíbi nínú mẹ́ta yìí, kó gbé ọ̀rá dúdú náà dání, pẹ̀lú ìwé eksasáìsì tí wọ́n ti kọ oorun, oúnjẹ, ìgbẹ́, ìṣubú àti ìbínú Màmá sí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn máa ń ṣe dókítà láǹfààní ju "kò sùn rárá, dókítà" lọ. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ó yẹ kí wọ́n padà lọ, kí wọ́n wò ó bóyá oògùn náà tó ohun tí wọ́n ń ná lé e. Bó bá di pé kí wọ́n dá a dúró, díẹ̀díẹ̀ ni, lábẹ́ ojú dókítà.

Ní ti àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́, ọ̀nà kan wà tí wọn kì í sábà sọ fún wọn. Donepezil tí wọ́n kọ "alẹ́" sí lára kò di dandan kó jẹ́ alẹ́. Ẹni tó bá ń lá àlákálàá lórí rẹ̀, tàbí tí oorun ò kùn mọ́, dókítà lè sún un sí àárọ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe ò sì yàtọ̀. Nítorí náà, ọmọ tó ń ti ṣíìfùtù dé ní aago méje lè fún Màmá ní tiwọn kó tó lọ sùn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹ ògì àti àkàrà. Kò ní sí oògùn kankan tí ọmọ ọmọ Màmá tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá gbọ́dọ̀ rántí ní aago mẹ́wàá alẹ́, ilẹ̀kùn ìta nìkan ni yóò kù tí wọ́n á máa ṣọ́. Fún ìyẹn, ìdábùú ẹnu ọ̀nà tó wà lókè pátápátá, níbi tí ọwọ́ Màmá ò tó, tí àwọn tó kù nínú ilé sì lè ṣí kíákíá bí iná bá ṣẹlẹ̀, ṣiṣẹ́ ju Valium lọ.